Ojú Mi Lára Ògiri Sábó

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ kì í kọjá lára ògiri láì kà á,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé a kì í kí òkú báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ọmọ tó bá dé ọ̀dọ̀ àgbà tí kò kí i, bí kò bá tilẹ̀ wá ló sàn. Mo ti kí yín. Ẹ jẹ́ kí n jókòó.

Orí àga yín ni mo wà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti máa ń bá yín lẹ́sẹ̀. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé òru ni òkú ń rìn. Ìrọ̀lẹ́ ni tiyín. Bí wọ́n bá ti kírun Àsárì tán ní mọ́sáláṣí, etí mi á kàn ṣí fúnra rẹ̀. Màá gbọ́ sálúbàtà yín, wọ́ọ́rọ́, wọ́ọ́rọ́, láti ìsàlẹ̀ àdúgbò títí dé ibi ògiri ilé wa, á sì dúró, bí ẹ ṣe máa ń dúró tí ẹ bá rí pósítà tuntun. Mo máa ń retí pé kó wọlé. Kì í wọlé. Mo ti jáde lọ wò ó títí ó fi sú mi, mo ṣì ń jáde.

Ẹ rántí pé ẹ ti dàgbà kí ẹ tó mọ̀wé kà. Ìdajì ògiri tó wà ní Òkèrèwè, ẹ̀yin bíríkìlà lẹ rẹ́ ẹ, ẹ ò sì lè ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ẹ wá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, tí ojú yín là sí ìwé, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí kà bí ẹni ń gbẹ̀san. Ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, ìpàdé àdúrà, olóṣèlú tó ń rẹ́rìn-ín, ìkéde òkú, ẹ ò mú ọ̀kan ju ọ̀kan lọ. Ẹ máa ń kà á sókè láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí kan orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ òkú, ẹ ó ṣàdúrà fún un, ì báà jẹ́ onígbàgbọ́. Tó bá di àsìkò oúnjẹ, ẹ ó wá ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi, ẹni tó kú, ẹni tó ń ta ilẹ̀, ẹni tó ń wá ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ ò sì jẹ́ fọwọ́ kan pósítà ẹnikẹ́ni. Ẹ máa ń sọ pé ẹni tó bá ya òkú kúrò lára ògiri ti sin ín lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí àṣà yín yìí ni mi ò fi ní ìsinmi. Kò sí pósítà tó wà ní ìlú yìí tí ẹ ò kà. Tèmi náà wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, nítorí mi ò sọ ọ́ fún yín nígbà tí ẹ wà láyé. Ẹ mọ ilé iṣẹ́ tí mo ti ń bá wọn gbé oúnjẹ adìyẹ àti ti ewúrẹ́ kiri, láti Sábó títí dé Ìpetumodù. Ní ìgbà òjò tó ṣáájú ikú yín, òrùlé sítọ̀ wọn ń jò. Àpò tó wà lábẹ́ ibẹ̀ rin, oúnjẹ inú rẹ̀ bu, ó sì ń rùn. Mo sọ fún Mánẹ́jà pé a ò lè ta á. Ó ní kí n lọ jókòó. Wọ́n dà á síta, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n tún un dì, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ tí kì í ṣe èmi ni mo kó ẹrù sí i. Ìyá kan ní Ìpetumodù fún àwọn adìyẹ rẹ̀ jẹ, wọ́n sì kú bẹẹrẹ. Ó gbé òkú adìyẹ sínú abọ́ wá sí ọ́fíìsì, ó ń sunkún. Ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́, tó ń gbé Ìbàdàn, fẹ́ mọ ẹni tó fa á. Mánẹ́jà ní èmi ni. Ó ní mo máa ń tú àpò lójú ọ̀nà, pé mo ń ta èyí tó dára, mo ń fi èyí tó bàjẹ́ rọ́pò rẹ̀.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n máa lọ. Ìyẹn dùn mí, ṣùgbọ́n kò pa mí. Ẹni tó gbani síṣẹ́ ló lè ní kó tó. Ohun tó tẹ̀lé e ni mo ń bá jà títí di òní.

Ẹ mọ ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ máa ń ṣe tí wọ́n bá lé òṣìṣẹ́ tó ń bá oníbàárà lò. Wọ́n á gbé àwòrán rẹ̀ síta kí aráyé má baà fi ọjà tàbí owó lé e lọ́wọ́ mọ́. Wọ́n mú àwòrán tó wà lára káàdì ìdánimọ̀ mi, èyí tí mi ò ti rẹ́rìn-ín rárá, wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú, wọ́n fa ìlà dúdú yí i ká. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé obìnrin yìí kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn mọ́, pé àwọn lé e nítorí olè àti ayédèrú ọjà, pé ẹni tó bá bá a ṣòwò, ara rẹ̀ ló ṣe. Orúkọ mi wà níbẹ̀ gàdàgbà, orúkọ yín sì tẹ̀lé e. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ Ẹnuwá, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ Sábó, wọ́n gbé e dé Ìpetumodù.

Àǹtí Sìfáwù, àbúrò yín, ló kọ́kọ́ mú ìròyìn wá. Ẹ mọ̀ pé òun ò bá yín lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, ó ní ojú òun ti gbó. Ó lọ ra ewúrẹ́ ìsọmọlórúkọ ní Sábó, ló bá rí ojú mi lára ògiri, ìlà dúdú yí i ká. Fún ẹni tí kò mọ̀wé kà ní ìlú wa, nǹkan kan ṣoṣo ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ń sọ. Kò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó gun ọ̀kadà láti Sábó, ó mú gèlè lọ́wọ́, ó ń sunkún, ó ń ki oríkì mi bọ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un.

Ó fà sẹ́yìn. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó kan ilẹ̀. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé o ti di akúdàáyà ni?" Mo ní rárá. Ó fọwọ́ kàn mí lójú, ó kàn mí lápá, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó ń jó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí. Ẹ wà ní mọ́sáláṣí nígbà náà. Mo bá a lọ sí Ẹnuwá, mo ka èyí tó wà níbẹ̀ fún un. Inú mi bàjẹ́, àmọ́ Àǹtí kàn wò mí ni. Ó ní, "Ṣé ìyẹn nìkan? Mo ti rò pé nǹkan burúkú ló ṣẹlẹ̀."

Mo rán an létí ọ̀rọ̀ ẹnu yín, pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ó ní ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ò tíì rí ojú ọmọ rẹ̀ lára ògiri rí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún yín. Ó gbà, kò sì sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di akúdàáyà lóòótọ́. Bí mo bá dé ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, wọ́n á dákẹ́. Bí mo bá kí ènìyàn, ojú rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sára ògiri kó tó padà sí ojú mi, bí ẹni ń fi òkú wé alààyè. Òjò pa àwọn pósítà náà, oòrùn sá wọn, ẹnì kan fi ìṣó ha ojú èyí tó wà ní Ẹnuwá. Mo máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara mi, ojú mi ò sí níbẹ̀ mọ́, ẹnu mi ṣì wà tí kò rẹ́rìn-ín.

Ní àárọ̀, màá múra bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ ó sì ṣàdúrà fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Kí ni mo lè sọ? Ẹ ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo rò pé tí mo bá tètè ríṣẹ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ náà á ti di ìtàn kí ẹ tó gbọ́. Tí ẹ bá bèèrè Mánẹ́jà, màá ní ó ń kí yín. Bàbá, nígbà tí ẹ ń bèèrè rẹ̀, ṣé ẹ ti kà á? Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí sìn mí dé oríta, tí ẹ ní ẹ fẹ́ na ẹsẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ nà lóòótọ́? Ìgbà tí ẹ kú tán ni mo tó rántí pé ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó kẹ́yìn yẹn, ẹ ò ròyìn pósítà kankan fún mi mọ́ nídìí oúnjẹ. Ẹ kàn ń jẹun. Ẹ máa ń bu ẹran inú ọbẹ̀ yín sínú àwo mi, bí ìgbà tí mo wà ní kékeré. Mo jẹ ẹ́, mi ò ronú sí i.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú yín lọ. Mo gbọ́ ohun tó wí. Ṣùgbọ́n dókítà ò mọ ọ̀rọ̀ tí ẹ máa ń sọ. Èmi mọ̀ ọ́n, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín láti kékeré, pé ikú yá ju ẹ̀sín. Bàbá, ṣé ẹ yàn án ni? Ohun tí mo ń jáde lọ bi sálúbàtà yín ní ìrọ̀lẹ́ nìyẹn.

Nígbà tí a fẹ́ tẹ pósítà fídáù yín, ilé ìtẹ̀wé kan náà ni mo ti bá ara mi. Orúkọ wọn wà nísàlẹ̀ tèmi, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi láti máa kà á débẹ̀. Àwọn tó bàjẹ́ nínú pósítà mi wà nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, wọ́n fi ń nu yíǹkì. Atẹ̀wé náà rí mi, ó rí ohun tí mò ń wò, ó sì fẹsẹ̀ tì í sábẹ́ tábìlì. A lẹ tiyín mọ́ ara ilé wa, a sì lẹ ọ̀kan mọ́ Ẹnuwá. Fún ìgbà díẹ̀, èmi àti ẹ̀yin ń wo ara wa láti ògiri sí ògiri. Àwọn tó ń kọjá ń ṣàdúrà fún yín, wọ́n sì ń yọ ṣùtì sí mi.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ lọ́yà. Ọmọbìnrin kan tó kéré sí mi ni, ọ́fíìsì rẹ̀ wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìrẹ̀mọ. Ó fi bírò fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ inú pósítà náà. Ó ní gbólóhùn pé mi ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, òótọ́ ni, kò sì sí ẹjọ́ nínú òótọ́, bó ti wù kó korò tó. Ilé iṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti dá òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún oníbàárà pé kó má bá a ṣòwò lórúkọ àwọn mọ́. Ká ní wọ́n sọ ohun tí wọ́n fura sí fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan, láì ní ìkà nínú, òfin ìbá bò wọ́n díẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tó pe ènìyàn ní olè lára ògiri, lójú ẹni tó ń ra fíìdì àti ẹni tó kàn ń lọ ra àlùbọ́sà, kò sí ibòji fún un mọ́. Òun ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé olè ni mí.

Mo bi í bóyá a lè fi orúkọ yín kún un, torí orúkọ yín ni wọ́n fi parí tèmi. Ó mirí. Ó ní òkú kì í pe ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́, pé lójú òfin, kò sẹ́ni tó lè ba orúkọ òkú jẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Ó dájú pé òfin ò gbé Òkèrèwè rí.

Ó wá ní òun fẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró níwájú adájọ́, kó sọ pé òun ka pósítà náà, òun gbà á gbọ́, ó sì mú kí òun fojú olè wò mí. Mo ní ìyẹn ò le. Ó le, Bàbá. Gbogbo ẹni tí mo bá ló búra pé òun ò gbà á gbọ́ rárá. Ọ̀rẹ́ mi tí kì í gbé fóònù mi mọ́ ní fóònù òun ló bàjẹ́. Ìyá aláṣọ tó ká ọjà rẹ̀ kúrò nílẹ̀ nígbà tí mo ń kọjá ní òjò ló ṣú, lọ́jọ́ tí oòrùn ń ta bí ata. Ta ni yóò wo ọmọ Bàbá Bíríkìlà lójú kó sọ pé mo kà ọ́ sí olè? Ẹ mọ bí a ṣe rí. Ọmọlúàbí ni gbogbo wa, a kì í sọ ohun tó burú lójú ẹni. Gbogbo Ilé-Ifẹ̀ kàn fẹ́ràn mi lójijì, ìfẹ́ wọn ló sì fẹ́ pa ẹjọ́ mi. Lọ́yà ní kí n lọ wá ẹni tí kò fẹ́ràn mi.

Ẹnì kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹ mọ Alàájì Múdí tó ń ta ewúrẹ́ ní Sábó, tí wọ́n bí síbẹ̀, tó gbọ́ Ifẹ̀ ju èmi lọ. Lẹ́yìn pósítà, òun nìkan ni kò díbọ́n. Ó dá mi dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú àwọn oníbàárà, ó ní kí n má wọlé, ó ní òun ò fẹ́ olè. Mo ti pinnu pé mi ò ní tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Ẹ wo bí ayé ṣe rí, ibẹ̀ ni mo padà sí.

Ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Mo kà á, mo sì gbà á gbọ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ." Mo fẹ́ gbá a létí, mo sì fẹ́ dì mọ́ ọn. Mo bi í bóyá ó lè sọ bẹ́ẹ̀ ní kóòtù. Ó ní kí ló dé tí òun ò ní sọ ọ́. Ó wá yíjú sí ògiri tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n bàbá rẹ wá síbí."

Bàbá, mo ní kó sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, ẹ fẹ́ wọ mọ́sáláṣí tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù òun. Ẹ dúró lẹ́nu ògiri náà bí ẹ ṣe máa ń dúró. Ó ní òun rí ẹnu yín tó ń mì, àmọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, òun ò gbọ́ ohùn. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ wọ mọ́sáláṣí lọ, ẹ gbé búta àlùwàlá jáde, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí da omi sí ojú mi díẹ̀díẹ̀, bí bíríkìlà ṣe ń rin ògiri kó tó rẹ́ ẹ. Ẹ dúró kí omi wọ̀ ọ́. Ẹ wá fi èékánná bẹ̀rẹ̀ sí ha á. Wọ́n pe ìrun, ẹ ò dáhùn. Àwọn ènìyàn ń wọlé, ẹ ń ha á lọ. Alàájì jáde pé òun fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, ẹ fi ọwọ́ dá a dúró. Wọ́n kírun Jímọ̀ tán, wọ́n ń jáde, kò sì sí bébà kankan lára ògiri náà mọ́. Ẹ kó ìdọ̀tí rẹ̀ sínú àpò, ẹ tún àlùwàlá ṣe, ẹ dá ìrun kí, ẹ lọ sílé.

Mo bi í pé kí lẹ sọ. Ó ní ẹ ò sọ nǹkan kan. Mo bi í bóyá ẹ sunkún. Ó ní òun ò wo ojú yín, pé àgbàlagbà nínú irú ipò yẹn, a kì í wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í fọwọ́ kan pósítà ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ kì í pa Jímọ̀ jẹ, kódà lọ́jọ́ tí ibà ń ṣe yín. Ẹ dé sílé lọ́jọ́ náà, mo gbé oúnjẹ fún yín, ẹ sì ní ó dùn. Ṣé èékánná yín ò dùn yín? Mo wá rántí pé ẹ fi ṣíbí jẹun. Mo ti rò pé ọbẹ̀ ló gbóná.

Ní kóòtù, Mánẹ́jà ò lè dárúkọ ẹnì kan tó rí mi níbi tí mo ti ń tú àpò. Ìyá Ìpetumodù jẹ́rìí pé kì í ṣe èmi ni mo gbé ẹrù náà wá. Alàájì Múdí wá dúró, ó sọ tiẹ̀ láì fi ṣúgà sí i, pé òun gbà á gbọ́ nígbà náà, pé òun ò gbà á gbọ́ mọ́. Lọ́yà wọn rò pé òun ti mú un. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí Alàájì ò ti gbà á gbọ́ mọ́, àdánù wo ló wá bá mi? Alàájì wò ó tìyanu tìyanu. Ó ní, "Lọ́yà, èmi gbà á gbọ́, mo lé e lẹ́nu ọ̀nà mi. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ yín ló yọ ọ́ kúrò ní ọkàn mi. Bàbá arúgbó kan ló fi èékánná yọ ọ́." Adájọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i tó ń kọ ọ́.

Ọ̀gá tó ń gbé Ìbàdàn ò dúró de ìdájọ́. Ó rán lọ́yà rẹ̀ pé kí a parí rẹ̀ nítùbí-ìnùbí. Ohun tí wọ́n fi tù mí nínú, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, kì í ṣe òun ni mo tìtorí rẹ̀ lọ. Wọ́n fẹ́ kọ ìtúúbá sínú ìwé ìròyìn. Mo ní àwọn tó rí mi ní Sábó kì í ka ìwé ìròyìn. Mo ní kí wọ́n tẹ pósítà, kó tóbi bíi ti àkọ́kọ́, kí wọ́n lo àwòrán kan náà, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ibi tí wọ́n lẹ tàkọ́kọ́ mọ́, kí wọ́n kọ ọ́ pé irọ́ ni, pé àwọn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi àti lọ́wọ́ ìdílé mi. Mo tẹnu mọ́ ìdílé. Bí òfin ò bá mọ̀ yín, ògiri á mọ̀ yín.

Àǹtí Sìfáwù rí èyí tó wà ní Ẹnuwá. Ó ti gbọ́n báyìí, fóònù ló kọ́kọ́ gbé. Ó ní, "Ṣé o wà láàyè?" Mo ní mo wà. Ó ní, "Ó dáa. Wọ́n tún ti lẹ̀ ọ́." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi, mi ò sì mọ ìgbà tó di ẹkún.

Èmi fúnra mi bá ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ lọ sí Sábó lánàá. Ara ògiri ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù Alàájì, pósítà lórí pósítà ni, òkú lórí olóṣèlú. Àárín wọn ni ibì kan wà tó mọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ní igun mẹ́rin, ó ga dé ibi tí ojú yín máa ń dé. Alàájì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lẹ nǹkan mọ́ ọn láti ìgbà náà. Ọkùnrin náà ti bọ búrọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ẹ̀, ó fẹ́ fi kan ibẹ̀, torí ibẹ̀ ló fẹjú jù. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kó lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé, ó sì ṣe bí mo ṣe wí.

Nígbà tó lọ tán, mo dúró bí ẹ ṣe máa ń dúró, mo kà á sókè fún yín. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, orúkọ mi, orúkọ yín, irọ́ ni, ẹ forí jì wá, títí kan orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń ra ewúrẹ́ ń wò mí. Alàájì wọlé lọ, ó fi ẹ̀yìn sí mi, kó má baà wo ojú mi.

Lẹ́yìn náà ni mo fọwọ́ kan ibi tí ẹ fọ̀. Ipa èékánná yín ṣì wà níbẹ̀, ó wọ inú rírẹ́ ògiri náà, ó gba ìka mi. Mo ti fẹ́ bi yín bóyá ẹ gbà á gbọ́. Bí ẹ ò bá gbà á gbọ́, ẹ ṣeun, Bàbá. Bí ẹ bá sì gbà á gbọ́, a jẹ́ pé ẹ gbà á gbọ́ tán, ẹ tún lọ gbé búta.

Wọ́n ti kírun Àsárì. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Èmi ni,
ọmọ yín tó wà láàyè.